Bí Ẹ Ṣe Máa Dá Kòkòrò Afòmọ́ Ara Ẹja Mọ̀ Lábẹ́ Máíkírósíkóòpù Kẹ́ Ẹ Tó Ra Oògùn

Tẹ́ ẹ bá ń sin ẹja àrọ̀ l'Ábẹ́òkúta, yálà nínú táńkì kọnkéré tó wà lẹ́yìnkùlé yín l'Ọ̀bàǹtoko ni o, àbí nínú pọ́ńdì tẹ́ ẹ gbẹ́ sọ́nà Odẹ́dà, ẹ ó ti rí i rí pé ẹja á kàn dédé máa dúró sókè omi, á gbẹ́nu síta, òmíràn á máa fara họ ẹ̀gbẹ́ táńkì, oúnjẹ tí wọ́n ń já gbà lánàá wọn ò ní wò ó mọ́. Àrọ̀ máa ń wá gba atẹ́gùn lókè lóòótọ́, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, èyí tó dúró síbẹ̀ tí ò padà lọ sísàlẹ̀ ni mò ń sọ. Ohun táwọn èèyàn wa sì máa ń ṣe ni kí wọ́n sáré lọ bá àwọn tó ń ta oògùn ẹja, wọ́n á ní "ẹ fún mi ní tẹtiraṣáíkílìn", wọ́n á dà á somi, wọ́n á wá máa retí. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí tẹtiraṣáíkílìn, bakitéríà ló ń bá jà, kò sóhun tó máa ṣe fún kòkòrò tó ti fi ìwọ̀ kọ́ gíìlì ẹja, ibi tó fi ń mí. Owó á lọ, ẹja á tún lọ.

Kòkòrò afòmọ́ wọ̀nyí ò jọra wọn rárá, oògùn tó ń pa ọ̀kan lè má fọwọ́ kan èkejì. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i ni, ohun mẹ́ta lẹ sì máa fi dá a mọ̀: bó ṣe rí, bó ṣe tóbi tó, àti bó ṣe ń rìn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa ti mọ kòkòrò látara ìrìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i dáadáa.

Máíkírósíkóòpù tẹ́ ẹ nílò kì í ṣe èyí tó le. Irú èyí táwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń lò ní lábù, tó ní lẹ́ǹsì 4, 10 àti 40, tó sì níná nísàlẹ̀, ó ti tó, lẹ́ǹsì 100 tí wọ́n ń ta òróró sí ò kàn wá níbí. Tí owó ẹ̀ bá wúwo jù fún ẹnì kan, ẹ̀yin bíi mélòó kan tẹ́ ẹ jọ ń sin ẹja ládùúgbò kan náà lè dá àjọ rà á, kẹ́ ẹ fi í sọ́dọ̀ ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ balẹ̀ nínú yín. Tí kò bá sí rárá, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà lójú ọ̀nà Àlàbàtà, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja sínsìn, wọ́n tún nílé ìwòsàn ẹranko, ẹ gbé ẹja yín lọ síbẹ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò fúnra ẹ̀ ló máa tètè rí i, torí àwọn kòkòrò yìí ò ní dúró de Monday.

Ẹja tẹ́ ẹ máa mú ńkọ́? Ẹ má mú òkú ẹja. Mo mọ̀ pé òun ló wà nílẹ̀, òun ló rọrùn láti mú, ṣùgbọ́n tẹ́ja bá ti kú, ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò yìí á já kúrò lára ẹ̀ tàbí kí àwọn náà kú, ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀ ni àwọn kòkòrò mí-ìn tó wá jẹ òkú, ẹ ó sì rò pé àwọn ló pa á. Èyí tó ń ṣàìsàn tó ṣì ń mí lẹ máa mú, ẹ mú bíi mẹ́ta sí márùn-ún, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan tára ẹ̀ dá kún un kẹ́ ẹ lè fi wéra. Ẹ gbé wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú omi táńkì tí wọ́n ti jáde gan-an, ẹ má fi yìnyín sí i o. Tẹ́ ẹ bá sì ti da oògùn tàbí iyọ̀ somi kẹ́ ẹ tó mú ẹja, ohun tẹ́ ẹ máa rí lábẹ́ lẹ́ǹsì ò lè jẹ́ òótọ́ pátápátá mọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ká wò ó ná ká tó fọwọ́ kan oògùn.

Ara ẹja la kọ́kọ́ ń ha. Ẹ fi aṣọ tútù bo orí àti ojú ẹ̀, á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún tó wà ní lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì torí kò dáa lọ́wọ́. Wá fi etí gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bo sílàìdì (ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n fẹ́ wò lé), tàbí ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí ò mú, fà á wẹ́rẹ́ láti apá orí lọ sí apá ìrù, ẹ̀yìn lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ dáa, ìdí ìrù dáa, irùngbọ̀n àrọ̀ náà dáa. Ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja yẹn lẹ fẹ́ kó, ẹ ò fẹ́ awọ, ẹ ò sì fẹ́ ẹ̀jẹ̀, torí náà ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kán omi táńkì kan sórí sílàìdì, fi ohun tẹ́ ẹ ha náà sínú ẹ̀, kó má nípọn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé gíláàsì ìbòrí lé e ní gẹ̀rẹ́, apá kan á kọ́kọ́ kan omi kẹ́ ẹ tó sọ ìyókù kalẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa há sábẹ́ ẹ̀. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ o, kílórínì tó wà nínú ẹ̀ á pa ohun tẹ́ ẹ ń wá.

Gíìlì ló kàn, ìyẹn ibi pupa tẹ́ja fi ń mí lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Nínú àrọ̀ ẹ máa rí ohun kan tó yọ ẹ̀ka bí igi lókè gíìlì, ìyẹn ló fi ń gba atẹ́gùn òde, kì í ṣe òun lẹ ń wá. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé orí fọ́nrán gíìlì díẹ̀, díẹ̀ gan-an ni mo wí, ẹ tú wọn ká nínú omi kí ọ̀kan má gun orí èkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé e pọ̀ jù, gbogbo ẹ̀ á wá di pupa, wọn ò ní rí nǹkan kan. Tó bá jẹ́ fíngálìn, ìyẹn ọmọ ẹja kékeré, ló ń kú, ó sàn kẹ́ ẹ fi ọ̀kan rúbọ kẹ́ ẹ lè rí gíìlì ẹ̀ dáadáa ju kẹ́ ẹ sin gbogbo wọn lọ.

Ẹ wò ó lójú ẹsẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tó kú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì 4, ẹ lọ sí 10, ẹ má tíì fo lọ sí 40. Ohun tó sì máa ń dí èèyàn lọ́wọ́ jù ni iná. Àwọn kòkòrò yìí mọ́ gaara, tí iná bá pọ̀ ẹ ò ní rí wọn rárá, ojú yín á kàn máa rí funfun ni. Ẹ dín ihò tí iná ń gbà wọlé kù, ẹ sọ lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé ààlà ara wọn á wá hàn. Ẹ máa gba sílàìdì já láti òsì lọ sí ọ̀tún, ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹ tún padà, bí ẹni ń kàwé, kẹ́ ẹ sì máa wá ohun tó ń mì kẹ́ ẹ tó máa wá ohun tó rí báyìí tàbí báyẹn.

Bó ṣe tóbi tó, ẹ ò nílò irinṣẹ́ olówó ńlá láti mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ara ibi tẹ́ ẹ ń gbójú lé, ẹ ó rí nǹkan bíi 10x/18 níbẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lẹ́ǹsì pín 18 yẹn, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni fífẹ̀ gbogbo òbìrí tẹ́ ẹ ń wò: lẹ́ǹsì 4 á jẹ́ mìlímítà 4.5, lẹ́ǹsì 10 á jẹ́ 1.8, lẹ́ǹsì 40 á jẹ́ 0.45, ìyẹn máíkírọ́ọ̀nù 450 (máíkírọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú mìlímítà kan). Tí kòkòrò kan bá wá gba ìdajì òbìrí yẹn lábẹ́ lẹ́ǹsì 10, ẹ mọ̀ pé ó sún mọ́ mìlímítà kan. Ìṣirò kékeré yìí nìkan ló máa yà yín kúrò nínú àṣìṣe púpọ̀, torí ọ̀pọ̀ kòkòrò jọra lójú ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn jìnnà síra.

Ká wá bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó gbajúmọ̀ jù, Ichthyophthirius multifiliis, tí gbogbo ayé gé kúrú sí Ich. Òun ló ń fa àmì funfun kéékèèké lára ẹja bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Lábẹ́ lẹ́ǹsì, ó rí roboto, ó dúdú díẹ̀, ó tóbi, èyí tó dàgbà lè tó mìlímítà kan, irun wẹ́wẹ́ yí gbogbo ara ẹ̀ ká, ó ń yí ara ẹ̀ jẹ́jẹ́ láìkánjú. Nínú ẹ̀ ẹ ó rí kókó kan tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C. Tẹ́ ẹ bá ti rí kókó C yẹn nínú nǹkan roboto tó ń yí, ọ̀rọ̀ ti parí, Ich ni, kódà ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìdí ni pé ẹyọ kan tó já bọ́ lára ẹja á pín ara ẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn ọmọ yẹn á sì máa wá ẹja kiri nínú omi. Àwọn ọmọ yìí kéré gan-an, bíi máíkírọ́ọ̀nù 30 sí 50, wọ́n gùn díẹ̀, wọ́n ń sáré, wọn ò jọ ìyá wọn rárá, torí náà tẹ́ ẹ bá rí wọn nìkan ẹ lè má mọ̀ pé Ich ni. Ẹ tún gbọ́ eléyìí dáadáa: ìgbà tó wà lábẹ́ awọ ẹja, oògùn ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ìgbà tó bá ń wẹ̀ kiri nínú omi nìkan loògùn lè rí i pa, ìdí nìyẹn tí oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò fi ń ṣiṣẹ́ fún un. Kò sì fẹ́ràn omi tó bá gbóná kọjá 30°C, àsìkò ọyẹ́ tí omi ń tutù lóru ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ jù.

Èyí tí wọ́n máa ń ṣì pè ní Ich ni Epistylis. Òun náà máa ń hàn bí àmì funfun lára ẹja, ṣùgbọ́n ẹ wò ó lábẹ́ lẹ́ǹsì, ẹ ó rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ ẹ̀ka, agogo kéékèèké wà lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, irun wà lẹ́nu agogo náà nìkan. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan sílàìdì, agogo á sún kì, igi ẹ̀ ò ní sún. Òun ò tiẹ̀ jẹ ara ẹja, bakitéríà inú omi ló ń jẹ, omi tó dọ̀tí ló ń pè é wá. Ẹni tó bá fi oògùn Ich tọ́jú ẹ̀ láìpààrọ̀ omi ń fi owó ṣòfò ni. Apiosoma jọ ọ́, òun kì í yọ ẹ̀ka, á kàn dá dúró bí ìkòkò kékeré tó lẹ̀ mọ́ ara ẹja.

Trichodina, mo fẹ́ràn láti máa fi í kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa rí i lẹ́ẹ̀kan tó máa gbàgbé. Ó ń pòòyì bí òkòtó táwọn ọmọdé ń ta, ó ń yí bírí, ó ń yọ̀ lọ lórí gíìlì, ó tún yí padà. Tó bá dojú kọ yín gan-an, òrùka roboto lẹ máa rí, eyín wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ kọ́ra wọn yí òrùka náà po nínú. Tó bá wá yí ẹ̀gbẹ́ sí yín, á dà bí agogo tàbí fìlà tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Ìwọ̀n ẹ̀ máa ń tó bíi máíkírọ́ọ̀nù 40 sí 100, lẹ́ǹsì 10 ti tó láti rí i, lẹ́ǹsì 40 lẹ máa fi wo eyín ẹ̀ dáadáa. Ẹyọ kan méjì kì í ṣe àrùn o, kò sí pọ́ńdì tí ò sí. Ṣùgbọ́n tí òbìrí kan bá ti ní bíi mẹ́wàá, tí òbìrí tó tẹ̀lé e náà bá tún kún, ẹja yín wà nínú ìnira. Ẹ wo omi yín, ẹ wo bí ẹja ṣe pọ̀ tó nínú táńkì, ẹ wo oúnjẹ tó ń jẹrà nísàlẹ̀. Oògùn lè lé e lọ lóòótọ́, omi burúkú yẹn á tún pè é padà.

Èyí tó máa ń sá mọ́ èèyàn lójú ni Ichthyobodo, táwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Costia. Ó kéré débi pé lẹ́ǹsì 10 ò ní fi hàn yín, lẹ́ǹsì 40 ni. Ìwọ̀n ẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù 5 sí 15 lọ, ìyẹn ni pé òun àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ga, ẹ máa fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tẹ́ ẹ bá rí lórí sílàìdì wọ̀n ọ́n. Ó tẹ̀ bí àmì kọ́mà. Tó bá ń wẹ̀ kiri, á máa já gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ láìní ọ̀nà kan pàtó, tó bá lẹ̀ mọ́ ara ẹja, á kàn máa mì gbọ̀n gbọ̀n lójú kan. Ẹ dúró sójú kan náà fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kẹ́ ẹ máa wò ó, torí ojú tó ń kánjú máa gbójú fò ó ni. Mo gbà pé òun ló ń pa fíngálìn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, torí ara ẹja á kàn máa ní ohun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi pé ohun yíyọ̀ ara ẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sí àmì kan tó hàn sójú lásán.

Chilodonella ò ní pẹ́ wa. Ó pẹlẹbẹ, ó rí bí ọkàn èèyàn tàbí ẹyin tí apá kan ẹ̀ gé díẹ̀, máíkírọ́ọ̀nù 30 sí 70, ìlà irun wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀, ó ń yọ̀ lọ jẹ́jẹ́ lórí awọ, nígbà mí-ìn á yí po lójú kan. Omi tútù lòun náà fẹ́ràn. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó pẹlẹbẹ tó ń yọ̀ lọ tí kò ní òrùka Trichodina, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ ni àwọn aràn pẹlẹbẹ tó ń fi ìwọ̀ kọ́ ara ẹja, torí níbí ni àwòrán inú ìwé ti ń ṣi àwọn tó ń sin àrọ̀ lọ́nà. Gbogbo wọn gùn, wọ́n ń na ara wọn, wọ́n tún ń sún kì, apá ìdí wọn á lẹ̀ pinpin, apá orí á máa wá ibi tó máa gbá mú kiri. Èyí kì í ṣe irun wẹ́wẹ́ tó ń mì mọ́, ara odindi ló ń na. Àwọn ìwé máa ń fi Gyrodactylus àti Dactylogyrus hàn yín, ọ̀nà tí wọ́n fi yàtọ̀ sì wúlò gan-an. Gyrodactylus, orí ẹ̀ ní ṣónṣó méjì, kò ní àmì dúdú bí ojú, inú ẹ̀ lẹ máa rí ọmọ tó ti ní ìwọ̀ tiẹ̀, nígbà mí-ìn ọmọ-ọmọ á tún wà nínú ọmọ yẹn, torí ó ń bí ọmọ láàyè ni. Ìdí ẹ̀ ní ìwọ̀ ńlá méjì láàárín àti ìwọ̀ wẹ́wẹ́ 16 yí etí ẹ̀ ká. Ara àti lẹbẹ ló máa ń gbé jù. Dactylogyrus ní tiẹ̀, orí ẹ̀ pín sí mẹ́rin, àmì dúdú mẹ́rin wà níbẹ̀ bí ojú, kò ní ọmọ nínú, ẹyin ló ń yé, ìwọ̀ wẹ́wẹ́ 14 ló ní, gíìlì sì nibùgbé ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dactylogyrus, ẹja bíi kápù ló ń bá gbé jù. Nínú gíìlì àrọ̀ tiwa, Clarias gariepinus, èyí tẹ́ ẹ lè rí ni Quadriacanthus, òun náà ń yé ẹyin, òun náà ní àmì ojú, ṣùgbọ́n ìwọ̀ ńlá mẹ́rin ló wà nídìí ẹ̀, méjì lápá kan, méjì lápá kejì. Ẹ ka ìwọ̀ ńlá náà. Nínú ẹpìyà, Cichlidogyrus ni, ìwọ̀ ńlá mẹ́rin lòun náà ní, gíìlì lòun náà wà. Lára àrọ̀ yìí kan náà ẹ tún lè rí Macrogyrodactylus, ìbátan Gyrodactylus tó ń bí ọmọ láàyè, ó kàn tóbi jù ú lọ ni: M. clarii máa ń wà lára gíìlì, M. congolensis máa ń wà lára awọ àti lẹbẹ. Torí náà ìbéèrè méjì péré lẹ máa bi ara yín nígbà tẹ́ ẹ bá rí aràn tó ní ìwọ̀: ṣé ọmọ wà nínú ẹ̀, ṣé ó ní àmì ojú? Tí ọmọ bá wà nínú ẹ̀ tí kò sí ojú, ẹ̀yà tó ń bímọ ni. Tí ojú bá wà tí ọmọ ò sí, ó ń yé ẹyin. Èyí ló máa sọ bí ẹ ṣe máa lo oògùn, torí oògùn tó pa ìyá kì í sábà pa ẹyin, ẹyin á pa ọmọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, aràn á tún kún gíìlì padà, ẹ ó wá máa sọ pé oògùn yẹn jẹ́ ayédèrú.

Tẹ́ ẹ bá rí kókó funfun kékeré lára gíìlì tàbí lẹbẹ tí kò mì rárá, ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́ lábẹ́ gíláàsì ìbòrí kẹ́ ẹ wò ó pẹ̀lú lẹ́ǹsì 40. Tí àìmọye hóró kéékèèké bá tú jáde, tí gbogbo wọn rí bákan náà, bíi máíkírọ́ọ̀nù 10, tí àpò kékeré méjì sì hàn lápá kan hóró kọ̀ọ̀kan, Myxobolus ni. Tí ìrù gígùn méjì bá tún wà lẹ́yìn hóró náà, Henneguya ni. Ìwọ̀nyí ò ní oògùn tó dájú, ẹrẹ̀ pọ́ńdì tí aràn inú ẹrẹ̀ ń gbé ni wọ́n ti ń wá, ẹ fa omi pọ́ńdì náà gbẹ, ẹ kó ẹrẹ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á kẹ́ ẹ tó tún kó ẹja sí i.

Inú ẹja náà, tẹ́ ẹ bá ti là á, ẹ wo àpòlúkù ẹ̀. Aràn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ máa ń rí nínú àpòlúkù àrọ̀, Procamallanus ló sábà máa ń jẹ́, lábẹ́ lẹ́ǹsì ẹ ó rí ẹnu ẹ̀ tó le, tó pọ́n bí ọsàn tó ṣú díẹ̀, tó rí bí àgbá kékeré. Ojú ẹja tó bá ń di funfun, ẹ wá Diplostomum nínú ẹ̀, aràn pẹlẹbẹ kékeré tí ò ní ìwọ̀, tó ń na ara ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyẹn, ìgbín inú omi ló ń gbé e wá, ẹyẹ tó ń jẹ ẹja ló sì ń yàgbẹ́ ẹyin ẹ̀ somi. Àwọn ará abúlé tó wà létí dáàmù Ọ̀yán mọ ohun tí ìgbín inú omi lè fà, torí òun náà ló ń gbé àtọ̀sí ajá fún èèyàn, torí náà tẹ́ ẹ bá ń fa omi odò sínú pọ́ńdì, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu páìpù, ẹ máa ṣa ìgbín, ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì sókè fún ẹyẹ.

Ohun tí kì í ṣe kòkòrò pọ̀ lórí sílàìdì, ó sì máa ń da èèyàn láàmú. Atẹ́gùn tó há sábẹ́ gíláàsì á rí roboto, etí ẹ̀ á dúdú kirikiri, inú ẹ̀ á mọ́ láìsí nǹkan kan, kò ní irun, kò ní kókó. Àmì dúdú tó yọ ẹ̀ka bí ìràwọ̀, àwọ̀ ara ẹja ni, àrọ̀ dúdú kún fún un. Àrọ̀ tún ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá roboto nínú awọ ẹ̀, wọn ò mì, wọ́n tò síra wọn, ẹ má pè wọ́n ní Ich. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ́ra wọn, tó yọ ẹ̀ka, olú omi ni, Saprolegnia, ojú egbò ló sábà máa ń hù sí. Tẹ́ ẹ bá sì rí nǹkan tó rí bí sálúbàtà tó ń sáré kọjá lọ láìdúró lára ẹja, kòkòrò inú omi lásán ni, ó ń wá oúnjẹ tiẹ̀. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ẹja, tó ń padà sára ẹja, òun lẹ ń wá.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ọjọ́, táńkì wo, ara àbí gíìlì, kòkòrò wo, mélòó ló wà nínú òbìrí kan lábẹ́ lẹ́ǹsì wo. Ẹ ka òbìrí márùn-ún ó kéré tán kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ẹ tún lè gbé kámẹ́rà fóònù yín lé ibi tẹ́ ẹ ń gbójú lé, ẹ ya fídíò ẹ̀, má ya fọ́tò nìkan, torí fọ́tò ò ní fi ìrìn ẹ̀ hàn. Fídíò ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko wúlò fún un ju kẹ́ ẹ máa ṣàlàyé lórí fóònù pé "dókítà, ẹja mi ò jẹun".

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti mọ orúkọ ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn wá kàn. Aràn tó ní ìwọ̀, praziquantel ló ń pa á, kò sóhun tó máa ṣe fún Trichodina tàbí Ich. Iyọ̀ máa ń ran ẹja lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan, bíi Trichodina àti Costia. Fọ́málìn ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ atẹ́gùn inú omi, ó léwu fún ẹja àti fún ẹni tó ń lò ó, ẹ má dá a lò láìsí dókítà ẹranko lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Iye tẹ́ ẹ máa lò, òun náà ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì ti mọ gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn omi táńkì yín kẹ́ ẹ tó pè é, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi yín nìyẹn.

Lẹ́yìn oògùn, ẹ tún ha ara ẹja, ẹ tún gé gíìlì, ibi kan náà tẹ́ ẹ ti mú un tẹ́lẹ̀, lẹ́ǹsì kan náà, kẹ́ ẹ kà á. Tó bá jẹ́ aràn tó ń yé ẹyin ni, ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, torí ìgbà yẹn ni ẹyin tó ṣẹ́ kù á ti pa ọmọ, ẹ lè nílò oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tí iye ẹ̀ ò bá dín kù rárá, ẹ má dédé sọ oògùn di ìlọ́po méjì, ẹ kọ́kọ́ tún omi táńkì wọ̀n bóyá ẹ ṣìṣirò, kẹ́ ẹ tún wo sílàìdì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú iná tó kéré, bóyá kòkòrò kejì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí nígbà àkọ́kọ́. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ sì sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé wọn lọ sí táńkì mí-ìn.